Ojú Tó Ti Rí Òkun, Tó Tún Ń Sá fún Ọ̀sà

Obìnrin kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí mo ti mọ̀ látìgbà tí mo ti gbọ́njú. Aṣọ ló ń tà, àńkárá àti léèsì, ọjà Gbági ní Ìbàdàn ló sì ti ń rà á. Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù, kí ilẹ̀ tó mọ́, á ti fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, á ti dé gáréèjì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ń bọ̀ nílé, láàárín Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, lórí ọ̀nà àtijọ́ yẹn tí tírélà tó ń lọ sókè Ọya àti mọ́tò kéékèèké jọ ń forí gbárí, tírélà kan ya kúrò lójú ọ̀nà tirẹ̀, ó sì fẹ̀gbẹ́ gbá wọn. Obìnrin wa yìí kò fara pa púpọ̀. Apá rẹ̀ bó, wọ́n sì rán iwájú orí rẹ̀. Ẹni tó jókòó tì í kú.

A lọ kí i. "Ẹ kú ewu o. Ọlọ́run ló yọ yín." Wọ́n ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì dá aṣọ, òun náà ló tà á fún wọn. Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ó tó oṣù mẹ́ta ká tó fura. Kì í lọ sí Gbági mọ́. Ó ń fowó ránṣẹ́, wọ́n ń fẹrù sínú mọ́tò fún un, wọ́n sì ń fi aṣọ tí ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí rẹ́ ẹ jẹ. Bí ọlọ́kadà bá tẹ búréèkì lójijì níwájú ṣọ́ọ̀bù, á ju sísọ́ọ̀sì ọwọ́ rẹ̀ nù, á fà sẹ́yìn mọ́ ògiri. Lálẹ́, ó ní òun ń gbọ́ òórùn bẹntiróòlù nínú yàrá. Ọkọ rẹ̀ tan tọ́ọ̀ṣì yípo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì títí, kò rí nǹkan kan. Àwọn kan ní ẹ̀mí òkú yẹn ló ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Àwọn mìíràn ní iṣẹ́ orogún ni, bẹ́ẹ̀ kò ní orogún.

Ohun tó ń ṣe é ní orúkọ. Lẹ́tà mẹ́rin làwọn dókítà fi ń pè é: PTSD. Ọdún 1980 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ fi orúkọ náà sínú ìwé tí wọ́n fi ń dá àìsàn mọ̀, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun tó ti Vietnam dé ti ń sá fún ìró bàǹgà láàárín ọjà. Àìsàn náà kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn o. Ẹni tí ogun Jálumi ká mọ́ náà á ti mọ̀ ọ́n. Ọgbẹ́ ọkàn ni mo máa pè é níhìn-ín, nítorí orúkọ yẹn bá a mu: ọgbẹ́ tí wọn kò fọ̀, tí wọ́n fi aṣọ funfun dì, tí gbogbo ayé ń wo aṣọ náà tí wọ́n ń sọ pé ó ti jinná.

Òwe méjì ni Yorùbá ní tí wọn kò bára ṣọ̀rẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan ní ojú tó ti rí òkun kò ní í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Èyí la fẹ́ràn. Òun la fi ń gba ènìyàn níyànjú, òun la fi ń sọ fún ọmọkùnrin pé kó nu ojú nù. Èkejì ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Òwe kejì yìí ló mọ iṣẹ́ dókítà.

Ìdí rèé. Nínú ọpọlọ, nǹkan kékeré kan wà tí kò ju èkùrọ́ lọ, amygdala ni wọ́n ń pè é. Ajá ilé ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gbó kí onílé tó mọ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀. Òun ló ń mú kí ẹsẹ̀ rẹ ti fò kí ojú rẹ tó rí i pé okùn lásán lo tẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni hippocampus wà. Òun ni akọ̀wé tó ń kọ ọ́ pé nǹkan báyìí ṣẹlẹ̀, níbi báyìí, lọ́jọ́ báyìí, ó sì ti parí. Nígbà tí ìpayà ńlá bá dé, ajá á máa gbó kíkankíkan, iṣẹ́ akọ̀wé á sì dàrú. Ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe ìtàn tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Àfọ́kù ni: òórùn epo, ìró irin, ìtọ́wò ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu. Nítorí pé kò sí déètì lára rẹ̀, nígbàkígbà tó bá yọjú, ó máa ń wá bí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ báyìí. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bó ṣe ń lọ gan-an, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí i lójú ènìyàn rí mọ̀ pé kì í ṣe ìrántí lásán. Obìnrin aláṣọ yìí kò rántí mọ́tò yẹn lálẹ́. Inú rẹ̀ ló ń wà.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń dá a mọ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ náà á máa padà wá lójú àlá tàbí lójú ayé. Ẹni náà á máa sá fún gbogbo ohun tó bá jọ ọ́, ìbáà ṣe ọ̀nà, ìbáà ṣe aṣọ, ìbáà ṣe orúkọ ẹnì kan. Ara rẹ̀ kò ní balẹ̀, á máa jí lóru, á máa bínú sí ọmọ nítorí ife tó já bọ́. Èyí tí a kì í sábà kà mọ́ ọn ni pé èrò rẹ̀ nípa ara rẹ̀ á dúdú: èmi ni mo fà á, ayé ò ṣe é gbára lé, kò sí ohun tó tún lè dùn mọ́ mi. Gbogbo ìwọ̀nyí wọ́pọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn àjálù, wọn kì í sì í ṣe àìsàn nígbà náà. Bó bá kọjá oṣù kan tí kò lọ, tó sì ti ń di iṣẹ́ àti ilé lọ́wọ́, ìgbà náà ni dókítà á dárúkọ rẹ̀.

Tọmọdé tún yàtọ̀. Ọmọ kì í sọ pé ọkàn òun gbọgbẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ti jáwọ́ nínú títọ̀ sílé á tún bẹ̀rẹ̀. Á di mọ́ ìró ìyá rẹ̀. Á máa fi agolo mílíìkì méjì gbá ara wọn nílẹ̀, lójoojúmọ́, eré kan ṣoṣo, kò sì ní rẹ́rìn-ín bó ṣe ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ ilé, ẹgba ni wọ́n fi ń dá a lóhùn.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ojú rẹ̀ rí nǹkan ló ń ní àìsàn yìí, ó yẹ kí èyí yé wa kí ẹ̀rù má baà pọ̀ jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní nǹkan bí ènìyàn 70 nínú 100 ni irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń dé bá lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán láyé wọn. Nínú àwọn tó dé bá, nǹkan bí 5 tàbí 6 nínú 100 ló máa ń yọrí sí PTSD fún. Àwọn yòókù, ẹbí, oorun, iṣẹ́ àti àdúrà a máa gbé wọn kọjá. Ṣùgbọ́n iye náà máa ń ga gan-an láàárín àwọn tí ogun ká mọ́ àti àwọn tí wọ́n fipá bá lò pọ̀. Àwọn obìnrin ló sì ń ní in jù.

Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ níbí, kò sí ẹni tó máa béèrè pé ibo ni irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 2020, wọ́n yìnbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin kan níbi ìwọ́de EndSARS ní Ògbómọ̀ṣọ́, ojú àwọn ojúgbà rẹ̀ ló sì ṣe. Ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2024, ohun abúgbàù bú ní Bódìjà, ilé wó, gbogbo Ìbàdàn sì mì. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, àwọn ọmọ lọ síbi àjọ̀dún ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Baṣọ̀run, èrò tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, ọmọ 35 kú. Ìròyìn ka àwọn tó kú. Kò sí ẹni tó ka àwọn ọmọ tó délé, tí bàtà ẹsẹ̀ kan sọnù, tí wọ́n sì mọ ohun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn nígbà tí wọ́n ń sá.

Nílẹ̀ wa, òkú ọmọdé, òkú ọ̀fọ̀ ni. Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Wọ́n á kó aṣọ ọmọ náà kúrò nílé, wọn kò sì ní dárúkọ rẹ̀ mọ́ níwájú ìyá rẹ̀. Mi ò ní bú àṣà yẹn. Àánú ló bí i, ó sì ti ran àwọn kan lọ́wọ́ láti dìde fi omi bọ́jú. Àmọ́ ibi tí mo ti ń bá wa jà ni "gbàgbé ẹ̀." Gbàgbé ẹ̀, má ronú ẹ̀ mọ́, ó ti kọjá. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọbìnrin ni, tó sì jẹ́ pé ará ilé ló ṣe é níṣekúṣe, "gbàgbé ẹ̀" kì í tilẹ̀ ṣe ìtùnú mọ́. Ẹni tó ṣe é ni wọ́n ń fi bò. Ọmọ náà á máa gbé oúnjẹ fún un lọ́jọ́ ọdún.

Ìgbàgbé tí a ń pàṣẹ rẹ̀ yìí gan-an ló ń mú kí ọgbẹ́ máa jẹ́ tútù. Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Obìnrin wa rí mọ́tò, àyà rẹ̀ já. Ó yà sẹ́yìn, àyà rẹ̀ balẹ̀. Ara ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀: ó yà ni kò ṣe kú. Lọ́jọ́ kejì, mọ́tò tó wà lókèèrè náà á bẹ̀rẹ̀ sí í bà á lẹ́rù. Lẹ́yìn náà ó di ìró mọ́tò. Lẹ́yìn náà ó di ọ̀rọ̀ Ìbàdàn pàápàá. Bó ṣe ń sá ni ilẹ̀ tó lè dúró lé ń kéré sí i, títí tó fi ku ṣọ́ọ̀bù àti yàrá nìkan. Kò sí ìgbà kankan tí ajá ilé yẹn rí àyè mọ̀ pé alejò tó ń gbó kì í ṣe olè.

Ìtọ́jú ọlọ́rọ̀ sísọ, èyí tí àwọn kan ń pè ní tẹ́rápì, ìdàkejì ìgbàgbé ni. Ó jẹ́ pípadà lọ bá ọ̀rọ̀ náà, díẹ̀díẹ̀, lójú mọmọ, pẹ̀lú ẹni tó mọ ọ̀nà.

Ọmọ rẹ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló mú aláṣọ yìí lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ nílé ìwòsàn. Ó fi ìborùn bo ojú wọlé kí ará ọjà má baà rí i, kí wọ́n má sọ pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ó ń retí abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ kò dé. Obìnrin kan tí kò tó o lọ́jọ́ orí ló jókòó tì í, ó ń pè é ní Mọ́mì, ó bi í bó ṣe ń sùn, bó ṣe ń jẹun, ó ní wọn kò ní sọ̀rọ̀ ìjàǹbá lọ́jọ́ yẹn àfi tó bá wù ú. Ó ṣàlàyé ajá àti akọ̀wé fún un lọ́nà tirẹ̀. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mí jẹ́jẹ́, kí èémí tó ń jáde pẹ́ ju èyí tó ń wọlé lọ. "Ṣé nítorí èémí ni mo ṣe san owó káàdì?" ni màmá bi ọmọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n jáde.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n jọ kọ àwọn ohun tó ń bà á lẹ́rù sílẹ̀, wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 100. Kó jókòó sínú takisí tí wọn kò tan, 30. Kó wọ̀ ọ́ láti Tákié dé Sábó, 50. Kó dé Ọ̀yọ́, 90. Kó kọjá níbi tó ti ṣẹlẹ̀, 100. Láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ bẹ onítakisí àdúgbò, ìyàwó jókòó sẹ́yìn fún ìṣẹ́jú 40, mọ́tò ò lọ sí ibì kankan, àwọn ọmọdé ń wo wọ́n láti ojú fèrèsé. Òfin ibẹ̀ ni pé kò gbọdọ̀ jáde nígbà tí ẹ̀rù bá le jù. Kó dúró títí ẹ̀rù á fi bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó máa ń wálẹ̀. Ìyẹn ni ohun tí ara kò tíì rí rí.

Apá kejì ló le jù. Ó ní láti sọ ìtàn ọjọ́ náà látòkè délẹ̀, ní ojú dídì, bíi pé ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì gbà á sórí fóònù. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un lọ sílé ni kó máa gbọ́ ohùn ara rẹ̀ lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ kìíní, ó ju fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sá jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Lọ́jọ́ kẹrin, ó sunkún gbọ́ ọ tán. Ó ní ó tó ọjọ́ kẹsàn-án kí òun tó ṣàkíyèsí pé òun ń gbọ́ ọ, òun sì ń ronú ẹ̀fọ́ tí òun máa sè. Akọ̀wé ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Inú ìtàn yẹn ni ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ti jáde. Ní Ọ̀yọ́, níbi tí mọ́tò ti dúró kí wọ́n ra àkàrà, oòrùn ń jó o lójú fèrèsé apá òsì. Ó bẹ obìnrin tó jókòó tì í pé kí àwọn pààrọ̀ ìjókòó. Ẹni náà ní kò sí wàhálà. Apá òsì yẹn ni tírélà gbá. "Èmi ni mo pa á." Oṣù mélòó kan ló ti ń gbé gbólóhùn yẹn sun, tó ń gbé e jí. Obìnrin ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú rẹ̀ kò sọ fún un pé irọ́ ni. Ó bi í ni: "Nígbà tẹ́ ẹ ní kẹ́ ẹ pààrọ̀, kí lẹ mọ̀?" Pé oòrùn mú. "Ṣé ẹ mọ̀ pé tírélà ń bọ̀?" Rárá. "Tí oòrùn bá wà ní apá ọ̀tún ńkọ́?" Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Ó ní òun sunkún lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ ìjàǹbá lọ, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà tọ́jú rẹ̀ kì í ṣe àdábọwọ́ ẹnì kan. Edna Foa ní Amẹ́ríkà ló gbé apá ti dídojú kọ ẹ̀rù kalẹ̀, ìjókòó 8 sí 15 ló sábà máa ń gbà. Patricia Resick ló gbé ti yíyẹ èrò wò kalẹ̀, ìjókòó 12. Ọ̀kan tún wà tí wọ́n ń pè ní EMDR, ti Francine Shapiro, níbi tí aláìsàn á ti máa fojú tẹ̀lé ìka tó ń lọ sọ́tùn-ún sósì bó ṣe ń rántí. Ó máa ń dà bí idán lójú ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i, ó sì ń ṣiṣẹ́. Èyí tó wù mí jù ni wọ́n ti lò ní Uganda láàárín àwọn tí ogun lé kúrò nílé. Wọ́n á tẹ́ okùn sílẹ̀, okùn náà ni ayé ẹni náà láti ìgbà ìbí. Á fi òkúta sí ibi tí nǹkan búburú ti ṣẹlẹ̀, á fi òdòdó sí ibi ayọ̀, lẹ́yìn náà ni á wá sọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ okùn, òkúta kọ̀ọ̀kan láàyè rẹ̀. Àwọn ará ibùdó tí wọ́n dá lẹ́kọ̀ọ́, tí wọn kì í ṣe dókítà, ló ń ṣe é fún wọn, àbájáde rẹ̀ sì dára. Òògùn náà wà, bíi sertraline àti paroxetine, dókítà ló sì ń kọ ọ́.

Kì í ṣe òògùn tí a ń rà ní kẹ́mísì fúnra wa o. Ọ̀pọ̀ ènìyàn, Valium ni wọ́n ń mu lẹ́yìn ìjàǹbá kí wọ́n lè sùn. WHO ní kí wọ́n má fún ènìyàn ní irú òògùn bẹ́ẹ̀ nítorí ìpayà láàárín oṣù àkọ́kọ́. Nígbà yẹn, má fipá mú ẹni tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀ sí sọ̀rọ̀ rẹ̀. Fún un lómi, mú un kúrò níbi tí èrò ti ń ya fọ́tò, bá a pe ará ilé rẹ̀, jẹ́ kó sùn níbi tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, gbọ́. Bó bá sì ń sọ pé ikú yá ju ayé lọ, má fi dúró di ọ̀la. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.

A kò ṣàìní ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ, UCH ní Ìbàdàn náà ní in. Ní Àró ní Abẹ́òkúta, ní ọdún 1954, Thomas Adeoye Lambo, dókítà ọpọlọ, ti jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé, ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wá bá a ṣiṣẹ́, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ti tiwọn mọ́lé. Ohun tó dùn mí ni pé òfin tiwa kò tẹ̀ lé e. Òfin kan tí wọ́n mú jáde láti ìgbà àwọn òyìnbó, tó ń pe aláìsàn ní wèrè, la ń lò títí di oṣù kìíní ọdún 2023 kí ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, tó buwọ́ lu òfin tuntun. Títí di báyìí, àwọn dókítà ọpọlọ tó wà fún gbogbo Nàìjíríà kò tó ẹgbẹ̀rún kan, àwọn tó wà náà sì ń jápa.

Nítorí náà ni mo ṣe ń ronú nípa Zimbabwe. Láti ọdún 2006 ni Dixon Chibanda, dókítà ọpọlọ, ti ń dá àwọn ìyá àgbà lẹ́kọ̀ọ́ láti jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn kéékèèké, kí wọ́n máa gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tí ìrònú ti pọ̀ jù fún. Àwọn ìyá àgbà kò wọ́n wa ní Ọjà-Igbó tàbí Akẹ̀sán, bẹ́ńṣì náà kò sì wọ́n. Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ kọ́ wọn ni pé kí wọ́n má sọ pé "gbàgbé ẹ̀."

Aláṣọ yìí ti padà sí Gbági. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni kó tó lọ, ìgbà tó délé ló pè mí. Ó ní nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀ yẹn, ọwọ́ òun gbọ̀n, òun mí bí wọ́n ṣe kọ́ òun, òun sì ka igi kaṣú etí ọ̀nà títí wọ́n fi kọjá. Mẹ́tàdínlógún ni. Ó ti lọ ní ìgbà mélòó kan lẹ́yìn náà. Àmọ́ kì í gbà láti pààrọ̀ ìjókòó pẹ̀lú ẹnikẹ́ni, oòrùn ìbáà máa jó o. Obìnrin ilé ìwòsàn yẹn ní kó máa jókòó síbi tó bá wù ú.